Wárántì àfikún lórí pick-up tuntun: ohun tí ojú mi rí ní Houston

Oúnjẹ òde ni mò ń sè ní Houston. Ìkómọ, ìgbéyàwó, ìsìnkú, ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún, ibi tí àwọn ènìyàn wa bá ti ń ná owó ní Texas níbí, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí kúlà mi níbẹ̀. Mọ́tò kékeré kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ìkòkò, gáàsì, kúlà ńláńlá, tábìlì, pick-up ló ń ru gbogbo rẹ̀, tí òde bá sì tóbi, mo máa ń so tírélà kékeré kan mọ́ ọn lẹ́yìn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ pick-up kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí lọ́dọ̀ mi. Bó bá kọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, orúkọ mi ló bàjẹ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ wárántì àfikún ni mo fẹ́ sọ, ìwé tí wọ́n máa ń tà fún ènìyàn pé tí wárántì tí ilé iṣẹ́ fún mọ́tò bá parí, àwọn á máa san owó àtúnṣe lọ. Mo ti rà á rí, mo ti kọ̀ ọ́ rí, mo sì tún padà lọ rà á. Àwọn tó ń béèrè lọ́wọ́ mi ti pọ̀ débi pé ó sàn kí n kọ ọ́ sílẹ̀.

Pick-up àkọ́kọ́ tí mo rà kì í ṣe tuntun. Ó ti rin nǹkan bí 90,000 máìlì kó tó dé ọwọ́ mi. Kò pẹ́ tí mo gbé e wálé ni ìpè bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Amẹ́ríkà mọ ìpè tí mò ń wí: ohùn kan á ní àwọn ti ń wá ọ tipẹ́, wárántì mọ́tò rẹ fẹ́ tán, tẹ 1 kí o bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Mo tẹ 1. Ọmọbìnrin kan gbé e, ohùn rẹ̀ tutù, ó bi mí pé irú mọ́tò wo ni, máìlì mélòó ló wà lórí rẹ̀. Ó ní láti bọ́ńpà iwájú dé bọ́ńpà ẹ̀yìn ni àwọn máa ń bò, 110 dọ́là lóṣù. Mo fún un ní nọ́ńbà káàdì mi. Ìwé àdéhùn dé lẹ́yìn náà nínú lẹ́tà, ó nípọn bí ìwé orin, mo sì jù ú sínú dúrọ́ọ̀.

(Ní oṣù Keje 2022, FCC, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ tẹlifóònù, pàṣẹ fún àwọn ilé iṣẹ́ fóònù pé wọn ò gbọ́dọ̀ gbé irú ìpè báyìí tó ń ti ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kan wá mọ́. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ 2023, wọ́n bu owó ìtanràn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 mílíọ̀nù dọ́là lé ẹgbẹ́ náà lórí. Láàárín oṣù mẹ́ta péré ní 2021, ìpè tí wọ́n pè lé ní bílíọ̀nù márùn-ún. Àwọn tó pè mí lè máà jẹ́ ara wọn o. Ṣùgbọ́n tí ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò rẹ bá ní nǹkan í sọ fún ọ, lẹ́tà ni wọ́n máa kọ, orúkọ rẹ á sì wà lórí rẹ̀.)

Lọ́jọ́ kan, à ń gbé oúnjẹ lọ sí Dallas lórí ọ̀nà I-45. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá Huntsville ni mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo láìsáré. Mo tẹ iná, ẹ́ńjìnnì ké, ṣùgbọ́n táyà kò dáhùn. Lẹ́yìn náà ni òórùn dé, òórùn óìlì tó jóná. Gíà ti lọ. Kí n má fa ọ̀rọ̀ gùn, nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ni ìrẹsì dé gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń retí rẹ̀ láti ọ̀sán, bí mo sì ṣe bá olóde parí rẹ̀ kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ kọ síbí.

Àbúrò ọkọ mi kan wà tó jẹ́ mẹkáníìkì. Mi ò lè pe orúkọ rẹ̀, ọkọ mi lòun náà, Bọ̀dá Sípánà ni mo sọ ọ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ la wọ́ pick-up lọ. Ó pe ilé iṣẹ́ wárántì náà, wọ́n ní kó tú gíà sílẹ̀, àwọn á rán ẹnì kan wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀dọ́kùnrin kan ló wá, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó mú tábílẹ́ẹ̀tì dání. Mo rò pé abẹ́ mọ́tò ni yóò kọ́kọ́ wọ̀. Rárá. Ó rìn yí pick-up ká. Ó dúró síbi ilẹ̀kùn awakọ̀, níbi tí mo lẹ sítíkà iṣẹ́ mi mọ́, pẹ̀lú àwòrán ìkòkò àti nọ́ńbà fóònù, ó ya fọ́tò rẹ̀. Ó lọ sẹ́yìn, ó tẹ̀ wo irin tí mo fi ń so tírélà, ibi tí ọ̀dà ti bó lára rẹ̀, ó ya ìyẹn náà. Ó ya inú ọkọ̀ níbi tí epo pupa ti dà sí. Ẹ̀yìn ìyẹn ló tó wo gíà, bóyá ìṣẹ́jú méjì. Ó wá bi mí pé, “Màdáámù, rìsíìtì tí ẹ fi ń pààrọ̀ óìlì ńkọ́?”

Rìsíìtì wo? Bọ̀dá Sípánà ló ń bá mi pààrọ̀ óìlì níwájú ilé, àmàlà sì ni mo fi ń san án.

Lẹ́tà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Wọn ò ní san. Ìdí méjì ni wọ́n kọ: mo ń fi mọ́tò ṣòwò, mi ò sì ní ìwé ẹ̀rí pé mò ń tọ́jú rẹ̀. Mo yọ ìwé náà nínú dúrọ́ọ̀, mo sì bá méjèèjì níbẹ̀, ní lẹ́tà wínníwínní. Ibì kan tún wà tó sọ pé tí wọn ò bá gbà láti san, ẹni tó ni mọ́tò ló ni owó títú. Gbogbo rẹ̀ pa pọ̀, 4,800 dọ́là ni mo ná lórí gíà yẹn, yàtọ̀ sí iye tí mo ti ń san lóṣooṣù.

Ní 2023, mo ra tuntun. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é tàbí ibi tí mo ti rà á. Mo ti pinnu láti ilé pé tí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ wárántì àfikún, n ó dìde. Ọkọ mi ní tirẹ̀ ti pinnu pé a gbọ́dọ̀ rà á. Ọ̀rọ̀ Huntsville ti wọ̀ ọ́ lára. Ẹni ejò bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí yàrá yẹn ṣe rí, nítorí ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ná owó mọ́tò tán, tí ẹ ti rẹ̀, tí ebi ń pa yín, tí ọmọ ń pè pé ìgbà wo lẹ máa dé, wọ́n á mú yín wọ yàrá kékeré kan lọ bá ẹni tó ń ṣètò owó. Ẹni tó ta mọ́tò fún yín ti rẹ́rìn-ín tán, ó ti lọ. Eléyìí ní ìwé tí ẹ máa buwọ́ lù níwájú rẹ̀, ó sì ní àwòrán kan lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n pín sí òpó mẹ́rin. Òpó àkọ́kọ́ ní gbogbo nǹkan nínú: wárántì àfikún, ààbò táyà, ààbò ọ̀dà, àti ohun kan tí wọ́n ń pè ní GAP, tí n ó ṣàlàyé níwájú. Òpó kejì yọ ọ̀kan. Òpó kẹta yọ méjì. Òpó ìkẹyìn fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, wọ́n sì ṣe é kí ojú ti ẹni tó bá yàn án.

Ọkọ mi ni ọkùnrin náà kọjú sí. Ó sọ̀rọ̀, sọ̀rọ̀, ó ń wo Bàbá Ìbejì lójú, bí ẹni pé mo bá wọn wá gbé ìwé ni. Nígbà tó yá, ọkọ mi ní, “Èmi kọ́ ni mò ń rà á o. Ìyàwó mi ni.” Bó ṣe yí àga rẹ̀ síhà ọ̀dọ̀ mi nìyẹn, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òpó àkọ́kọ́.

Kò dárúkọ 3,900 dọ́là, tó jẹ́ gbogbo owó wárántì náà, rárá. 68 dọ́là ló ń sọ. “68 dọ́là péré ló máa lé lórí owó tí ẹ máa san lóṣooṣù.” Mo bi í pé fún oṣù mélòó. Ó ní 72. Èlé orí lóòn náà jẹ́ ìdá 7.9 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún. Mo mú fóònù, mo lù ú pọ̀ níwájú rẹ̀: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 4,900 dọ́là. Ìyẹn ni pé wárántì 3,900 tí wọ́n bá dà pọ̀ mọ́ lóòn, èlé rẹ̀ nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,000. Ó ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń rò ó bẹ́ẹ̀.

Ó tún ní báńkì fẹ́ kí n rà á kí wọ́n tó fọwọ́ sí lóòn. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, tí ẹnì kan bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ ní kó fi ibi tí báńkì kọ ọ́ sí hàn yín, tàbí kẹ́ ẹ pe báńkì fúnra yín. Mo ní kó fi hàn mí. Ọ̀rọ̀ yẹn kú síbẹ̀.

Ó tún kù ọ̀kan. Ó ní tí mi ò bá máa wá ṣe sáàfíìsì lọ́dọ̀ wọn, wárántì tí ilé iṣẹ́ fún mi á bàjẹ́. Èyí ni ọ̀pọ̀ nínú wa gbà gbọ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn àgbàlagbà tó ti pẹ́ nílùú yìí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin kan wà láti 1975, Magnuson-Moss ni wọ́n ń pè é, tó ní ilé iṣẹ́ kò lè fi dandan mú ọ láti lo mẹkáníìkì tàbí ẹ̀yà ara mọ́tò kan pàtó kí wárántì rẹ tó dúró, àyàfi tí wọ́n bá ń fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Tí wọ́n bá fẹ́ kọ̀, àwọn ló máa fi ẹ̀rí hàn pé iṣẹ́ tí mẹkáníìkì rẹ ṣe ló fa ohun tó bàjẹ́. Bọ̀dá Sípánà lè máa pààrọ̀ óìlì mi lọ títí. Rìsíìtì ni kò gbọ́dọ̀ wọ́n.

GAP yàtọ̀ o, ẹ má pa á pọ̀ mọ́ wárántì. GAP kò tún mọ́tò ṣe. Tí mọ́tò bá bàjẹ́ pátápátá nínú jàǹbá tàbí tí wọ́n jí i, tí owó tí inṣọ́ránsì san kò tó gbèsè tó kù ní báńkì, òun ló máa dí àlàfo náà. Ẹni tó san owó àkọ́san kékeré lè nílò rẹ̀. Ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì mọ́tò púpọ̀ ń tà á, ó sì sábà máa ń dínwó ju ti yàrá yẹn lọ.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé dání wá láti ilé. Mo ní, “Tí mo bá ń fi mọ́tò yìí ṣòwò, ṣé ó bò mí?” Ó ní ó bo gbogbo nǹkan. Mo ní kó fi ojú ìwé tó wà hàn mí. Ó ṣí ìwé, ó ń yí i síwá sẹ́yìn. Ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ bi ọ̀gá òun. Nígbà tó padà dé, kò mú ìdáhùn bọ̀, owó tuntun ló mú bọ̀: 2,900. Ọkùnrin yìí kò ṣe ju kó rìn jáde, kó rìn wọlé lọ, ẹgbẹ̀rún dọ́là sì ti bọ́ sílẹ̀. Bí mo ṣe mọ̀ pé bí a ṣe ń ná ata ní Bódìjà náà ni a ṣe ń ná eléyìí nìyẹn.

Ọkọ mi fọwọ́ kàn mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. “Ìyá Ìbejì, gbà á. Ṣé o ti gbàgbé Huntsville ni?” Mi ò gbàgbé. Ohun tí kò jẹ́ kí n gbà á gan-an nìyẹn. Mo ní, “Ẹ jẹ́ ká sùn lé e, Bàbá Ìbejì.” A buwọ́ lu ìwé mọ́tò, a gbé e lọ. Kò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi dé ilé.

Nílé ni mo jókòó tì í pẹ̀lú bírò. Wárántì tí Ford, Chevrolet àti Toyota ń fi sára pick-up tuntun wọn nígbà tí mo rà jọra: ọdún mẹ́ta tàbí 36,000 máìlì fún gbogbo mọ́tò, èyí tó bá kọ́kọ́ pé, ọdún márùn-ún tàbí 60,000 máìlì fún ẹ́ńjìnnì, gíà àti àwọn irin tó ń yí táyà. Ìjọba àpapọ̀ tún fi dandan lé e pé kí àwọn ilé iṣẹ́ fi ọdún mẹ́jọ tàbí 80,000 máìlì ṣe wárántì fún katalíìtìkì àti kọ̀ǹpútà tó ń ṣọ́ èéfín, lára mọ́tò àti pick-up tí kò tóbi jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fowó ra ohun tí wọ́n ti ní tẹ́lẹ̀ nítorí wọn ò mọ èyí.

Ohun tí mo wá rí ni pé ọdún tí wọ́n kọ sórí ìwé kì í ṣe ọdún mi. Èmi a máa wa nǹkan bí 20,000 máìlì lọ́dún. Dallas, Austin, San Antonio, ó ń lọ. Ọdún mẹ́ta ti ilé iṣẹ́, fún mi, kò pé ọdún méjì tí 36,000 fi pé. Wárántì àfikún tí ọkùnrin yẹn ń tà, ọdún méje tàbí 100,000 máìlì ni. Ó ń tẹnu mọ́ ọdún méje. Ṣùgbọ́n ọdún márùn-ún ni èmi máa fi wa 100,000. Wọn ò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ọjọ́ tí ti ilé iṣẹ́ parí o! Láti ọjọ́ tí mọ́tò ti jáde ni, tí ó wà ní òdo máìlì. Ẹ yọ ìgbà tí ilé iṣẹ́ ń bo gbogbo rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ó ku ọdún mẹ́ta àti díẹ̀. Tó bá sì jẹ́ ẹ́ńjìnnì àti gíà tó ń bà wá lẹ́rù, ilé iṣẹ́ ń bò ó dé 60,000. Ọdún méjì péré ni wárántì àfikún máa dá ìyẹn gbé. Ọdún méjì ni wọ́n fẹ́ ta fún mi lórúkọ ọdún méje.

Ẹni tó ń wa 7,000 máìlì lọ́dún, ìṣirò tirẹ̀ á yàtọ̀ pátápátá. Ọdún ló máa kọ́kọ́ tán lọ́wọ́ ẹni bẹ́ẹ̀, ẹni náà ló yẹ kó wo ọdún, kó gbàgbé máìlì. Ìdí nìyí tí mi ò fi lè dáhùn nígbà tí ènìyàn bá pè mí pé, “Àǹtí, ṣé kí n rà á?” N ó ní, máìlì mélòó lò ń wà? Inú wọn kì í dùn sí ìbéèrè yẹn.

Ohun tó tù mí lára jù nínú ìwádìí yìí ni pé kò sí ìkánjú kankan níbẹ̀. Èyí tí ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò fúnra rẹ̀ ń tà, o sábà máa ń lè rà á nígbàkígbà kí wárántì àkọ́kọ́ tó parí. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tó ta mọ́tò fún ọ nìkan lo ti lè rà á. Àwọn díílà tó ń ta irú mọ́tò yẹn níbòmíràn lè tà á fún ọ, wọ́n sì ń díje. Gbogbo “òní nìkan ni” tí ọkùnrin yẹn ń sọ, ọjọ́ òní ti òun ni.

Bàbá Ìbejì ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí la ṣe ń rà á rárá? Kí á máa dá àjọ tiwa, kí a máa fi 70 dọ́là sọ́tọ̀ lóṣooṣù, tí nǹkan bá bàjẹ́, kí a ṣí i. Ìwé ìròyìn Consumer Reports bi àwọn tó ra wárántì àfikún léèrè ní 2013. Ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún wọn kò lò ó rí fún àtúnṣe kankan. Òótọ́ tó wà níbẹ̀ kò le yé: ilé iṣẹ́ tó ń tà á gbọ́dọ̀ jèrè, owó wa ló sì ń jẹ. Lórí mọ́tò ọkọ mi, tó fi ń lọ síbi iṣẹ́ lásán, ohun tí a ṣe nìyẹn. A ṣí àkáǹtì kan, owó ń wọ̀ ọ́, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án.

Ṣùgbọ́n mo mọ ara mi. Owó oúnjẹ kì í dúró lójú kan. Tí olóde bá jẹ mí ní gbèsè, tí mo sì ní láti ra ẹran, àjọ yẹn á di ẹran. Pick-up ayé òde òní sì kún fún nǹkan tí kì í ṣe ẹ́ńjìnnì: síkíríìnì tó fẹ̀ bí tẹlifíṣàn kékeré, kámẹ́rà, sẹ́ńsọ̀ inú bọ́ńpà, iná iwájú tó jẹ́ pé odidi ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn 36,000, kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí wárántì ẹ́ńjìnnì àti gíà ń bò. Ibi tí mo wá tẹ̀ sí nìyí. N ó rà á lórí pick-up, a ò ní rà á lórí mọ́tò ilé.

Mo dúró títí ó fi kù díẹ̀ kó pé 34,000, ní ìparí 2024. Mo kọ ímeèlì sí àwọn díílà kan, mo kọ ohun kan náà sí gbogbo wọn: irú mọ́tò, máìlì tó wà lórí rẹ̀, ti ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́, mo sì ń fi ṣòwò, kí wọ́n kọ ìyẹn sínú rẹ̀ ní kedere. Àwọn kan dákẹ́. Ọ̀kan ní kí n má dárúkọ òwò, pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ojú mi ti rí tábílẹ́ẹ̀tì, mi ò fèsì. Ọ̀kan dáhùn dáadáa, ó ní iye kan wà tí wọ́n ń fi lé e fún mọ́tò òwò, ó kọ ọ́, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,600 dọ́là. Mo san án lẹ́ẹ̀kan, láìsí lóòn, láìsí èlé.

Kí n tó san, mo kà á. Ìwé àdéhùn irú èyí pín sí oríṣi méjì. Ọ̀kan a máa to ohun tó bò lẹ́sẹẹsẹ. Ohun tí kò bá sí nínú rẹ̀, tìrẹ ni. Èkejì a máa to ohun tí kò bò. Gbogbo èyí tó kù, tiwọn ni. Èkejì ni kí ẹ wá. Bíréèkì, táyà, wáípà, fílítà, ẹ má retí wọn, kò sẹ́ni tó ń bo ohun tí lílò máa ń jẹ tán. Ẹ wo owó tí ẹ máa san lápò yín nígbà kọ̀ọ̀kan, bóyá ó jẹ́ fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gbé mọ́tò lọ tàbí fún ohun kọ̀ọ̀kan tó bàjẹ́. Ohun mẹ́ta lè bàjẹ́ pọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Tèmi jẹ́ 100 dọ́là fún ìgbà tí mo bá gbé e lọ.

Tí kì í bá ṣe ti ilé iṣẹ́ tó ṣe mọ́tò, ẹ wo ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tó máa san owó gan-an. US Fidelis, ní Missouri, tóbi nínú àwọn tó ń ta irú ìwé yìí lórí fóònù. Ní 2010 ó wọ gbèsè tó kọjá agbára rẹ̀, àwọn tẹ̀gbọ́n tàbúrò méjì tó ni ín sì ṣẹ̀wọ̀n lẹ́yìn náà. Ní Texas, àwọn tó ń pèsè àdéhùn yìí gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ ìjọba kan tí à ń pè ní TDLR; ẹ lè yẹ orúkọ wọn wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Arábìnrin kan ní ìjọ wa ti buwọ́ lu ti yàrá yẹn ní tirẹ̀, ó wá bá mi pẹ̀lú ẹkún. Ọ̀sẹ̀ kejì nìyẹn. Mo ní kó má sunkún, ìwé náà ṣeé fagi lé. Ní Texas, tó bá wà láàárín 30 ọjọ́ àkọ́kọ́, tí o kò sì tíì béèrè owó àtúnṣe kankan, gbogbo owó ni wọ́n máa dá padà. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á yọ iye ìgbà tí o ti lò. A jọ kọ lẹ́tà ni. Owó dé lóòótọ́, ṣùgbọ́n báńkì ló dé sí, nítorí inú lóòn ni ó wà. Owó tó ń san lóṣooṣù kò dínkù, gbèsè ló dínkù, lóòn á kàn tètè parí. Ó kọ́kọ́ rò pé wọ́n lu òun ní jìbìtì. Ó tó oṣù kan kó tó gbà pé mi ò ṣì í lọ́nà.

Ọ̀rọ̀ rìsíìtì ló kù. Mo lọ bá Bọ̀dá Sípánà, mo ní láti òní lọ, tí ẹ bá pààrọ̀ óìlì fún mi, ẹ máa kọ ìwé. Ó rẹ́rìn-ín. “Ìyàwó wa, èmi náà ni mo máa kọ rìsíìtì fún yín?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ mi: ọjọ́, máìlì tó wà lórí rẹ̀, orúkọ óìlì, fílítà, kí ẹ sì buwọ́ lù ú. Èmi ni mò ń fi káàdì ra óìlì fúnra mi báyìí, kí orúkọ mi lè wà lórí rìsíìtì ìtajà. Mo ń ya fọ́tò gbogbo rẹ̀, torí lẹ́tà orí rìsíìtì a máa parẹ́ nínú ooru mọ́tò. Àmàlà ṣì ni mo ń san o.

Oṣù Kẹjọ 2025, nǹkan bí 47,000 máìlì, AC kú. Ẹni tó bá mọ Houston nínú oṣù Kẹjọ mọ̀ pé ènìyàn kò lè gbé mọ́ìnmọ́ìn sínú mọ́tò tí kò ní AC. Mo gbé e lọ. Mo sọ fún wọn kí wọ́n má tú ohunkóhun kí ilé iṣẹ́ tó fọwọ́ sí i. Wọ́n pè, wọ́n fọwọ́ sí i, ẹnikẹ́ni kò wá ya sítíkà mi. Owó iṣẹ́ náà jẹ́ 1,640 dọ́là, mo san 100. Nítorí náà, nínú 2,600 tí mo fi rà á, ó ti mú 1,540 padà.

Ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni mọ́tò tí wọ́n yá mi. Ìwé náà ní wọ́n máa yá mi ní mọ́tò tí tèmi bá wà lọ́dọ̀ wọn, mo sì fọkàn balẹ̀. Mọ́tò kékeré ni wọ́n gbé jáde, èyí tí bọ́ọ̀tù rẹ̀ kò lè gba kúlà kan. Mo ní ìgbéyàwó ní Katy lọ́jọ́ Sátidé yẹn. Mo fi owó ara mi yá ọkọ̀ akẹ́rù, 140 dọ́là, mo sì fi ti kékeré yẹn gbé àwọn ọmọ lọ. Tí ẹ bá ń kà tiyín, ẹ má kàn wo iye ọjọ́ tí wọ́n máa yá yín ní mọ́tò. Ẹ béèrè irú mọ́tò tó máa jẹ́, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.